Àmì Tó Wà ní Òpin Ìlà

Tí o bá fẹ́ rí ìbínú Bàbá Atẹ̀wé, gbé ìdá ìṣirò kan síwájú rẹ̀ tí ìlà àárín rẹ̀ kúrú ju nọ́ńbà tó wà lókè lọ. Kò ní pariwo. Yóò kàn bọ́ awò ojú rẹ̀, yóò nù ún, yóò gbé e wọ̀ padà, yóò wá bi ọ́ pé ta ló kọ́ ọ níwèé. Ìbéèrè yẹn ń dunni ju ìgbájú lọ, nítorí pé ó máa ń dúró títí o fi máa dá a lóhùn.

Iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe èyí tó rọrùn láti ṣàlàyé. Ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n ti jọ wà fún ọdún mẹ́tàdínlógójì, a máa sọ fún àwọn àna wọn pé kọ̀ǹpútà ni ọkọ òun ń bá ṣiṣẹ́, yóò sì yára yí ọ̀rọ̀ padà kí wọ́n má baà bi í pé kí ló ń fi kọ̀ǹpútà ṣe. Bó ṣe rí nìyí. Ilé-iṣẹ́ tó wà ló ṣe ètò kọ̀ǹpútà kan tó gbọ́n nínú ìṣirò. Gbé ìṣirò tó le jù lọ fún un, á tú u, á mú èsì wá. Ṣùgbọ́n èsì tó wà nínú ikùn ẹ̀rọ kì í ṣe ohun tí ojú lè kà. Ẹnìkan ní láti pinnu bí yóò ṣe wọṣọ jáde: ibi tí nọ́ńbà òkè yóò jókòó sí, bí ìlà ìdá yóò ṣe gùn tó, ibi tí àkámọ́ yóò ti ṣí àti ibi tí yóò ti pa dé, àti ohun tí wọn yóò ṣe kí nọ́ńbà kékeré tó ń gun èjìká nọ́ńbà ńlá má baà já bọ́. Lẹ́tà lásán ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo rẹ̀, irú èyí tí èèyàn fi ń kọ̀wé sí ọ̀rẹ́, kì í ṣe àwòrán, kí èsì náà lè wọ inú ìwé èyíkéyìí àti kọ̀ǹpútà tó gbó jù lọ. Ìlà kan kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà méjìléláàádọ́rin lọ.

Kí Bàbá tó mọ ohun tó ń jẹ́ kọ̀ǹpútà, ilé ìtẹ̀wé ló ti ń jẹun. Ọdún mọ́kànlélógún ló fi ń to lẹ́tà òjé pẹ̀lú ọwọ́, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn, ìwé ìṣirò ni wọ́n sì máa ń gbé lé e lọ́wọ́, nítorí pé bí àwọn yòókù bá ti rí ìdá tó gun orí ìdá, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í run wọ́n. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ ìṣirò o. Kò lè sọ fún ọ ohun tí wọ́n ń wá x kiri fún. Ṣùgbọ́n ó mọ bí ìṣirò ṣe yẹ kó jókòó, bí ìyá ọmọ ṣe ń mọ̀ láti òkèèrè pé bọ́tìnì aṣọ ọmọ òun kò bọ́ sí ihò tó yẹ.

Nígbà tí ilé ìtẹ̀wé náà kógbá sílé, obìnrin kan wá a wá sílé. Ọjọ́ pẹ́ tí Bàbá ti to ìwé àṣekágbá obìnrin yìí nígbà tó ṣì wà ní yunifásítì, tó sì dá a padà fún un pé àkámọ́ kan ṣí lójú ìwé kẹrìnlélógójì tí kò pa dé mọ́. Olùkọ́ mẹ́ta ti ka ìwé náà, kò sẹ́ni tó rí i. Obìnrin náà kò gbàgbé. Òun ló wá di ọ̀gá ilé-iṣẹ́ yìí, ó sì ní kí Bàbá wá máa fi ojú yẹn bá òun ṣiṣẹ́.

Ó ti pé ọdún mọ́kànlá báyìí. Àwọn ọ̀dọ́ ń kọ ètò, Bàbá ń wo ohun tó ń jáde. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé òfin ilé-iṣẹ́ náà, òfin mọ́kànlélógójì nínú ìwé kan tó ní èèpo aláwọ̀ ewé. Ìlà ìdá gbọ́dọ̀ fi lẹ́tà kan yọ lọ́tùn-ún, kó fi ọ̀kan yọ lósì. Àmì ìyọkúrò tó bá ṣáájú ìdá gbọ́dọ̀ wà lọ́gbọọgba pẹ̀lú ìlà ìdá náà, kò gbọdọ̀ gòkè, kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Òfin kọkàndínlógún ló fẹ́ràn jù: bí ìṣirò bá gùn ju ìlà kan lọ, ẹ̀yìn àmì ìròpọ̀ tàbí ti ìyọkúrò ni kí ẹ ti gé e, kí àmì náà dúró sí òpin ìlà, kí ojú lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ṣì kù.

Bí ẹnikẹ́ni bá ti yí ohunkóhun padà nínú bí èsì ṣe ń jáde, wọn á tẹ gbogbo àpẹẹrẹ tí wọ́n tọ́jú sórí ìwé, ẹgbẹ̀rin ojú-ìwé, Bàbá á sì kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á fi òǹtẹ̀ pupa lù ú. Láti ìgbà tí òǹtẹ̀ yẹn bá ti balẹ̀, kò sẹ́ni tó tún gbọdọ̀ fọwọ́ kan iṣẹ́ náà. Wọn kì í lé èèyàn níbẹ̀ nítorí àṣìṣe, torí gbogbo wọn ló ń ṣe é. Ohun kan ṣoṣo tó ń léni lọ ni kéèyàn tún iṣẹ́ ṣe lẹ́yìn òǹtẹ̀ Bàbá láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ti lé ẹni méjì lọ.

Oṣù márùn-ún ó lé díẹ̀ sẹ́yìn ni ọmọbìnrin kan dé síbẹ̀, Bàbá sì sọ ọ́ ní Oníbéèrè kí ọ̀sẹ̀ kìíní tó parí. Kí ló dé tí ìlà kan fi jẹ́ lẹ́tà méjìléláàádọ́rin? Kí ló dé tí àkámọ́ kò fi ga tó ìdá tó wà nínú rẹ̀? Bàbá a máa ráhùn pé ọmọ yìí kì í jẹ́ kí òun mu tíì òun kó tó tutù, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dáadáa á rí i pé ó ti ń tètè dé ibi iṣẹ́ nítorí àwọn ìbéèrè náà. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún ọmọbìnrin yìí ni kó tún apá ètò tó ń gé ìṣirò gígùn sí ìlà méjì tàbí mẹ́ta kọ. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ń dán ẹni tuntun wò kí wọ́n tó gbà á pátápátá.

Lẹ́nu iṣẹ́ yìí ló wá bá Bàbá pé òun fẹ́ bẹ̀bẹ̀ nípa òfin kọkàndínlógún. Ó ní ṣé wọn kò lè mú àmì kúrò ní òpin ìlà, kí wọ́n gbé e sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà tó tẹ̀lé e, lápá òsì, níbi tí ojú ti ń bẹ̀rẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó tún wá lọ́sẹ̀ kejì. Bàbá kò rẹ́rìn-ín mọ́. Nígbà tó wá lẹ́ẹ̀kẹta, àwọn mìíràn wà nítòsí, ọ̀rọ̀ náà sì bí Bàbá nínú.

"Kí wọ́n tó bí ẹ ni mo ti ń to àmì sí òpin ìlà," ó wí. "Ọjọ́ tí mo bá ń wá ẹni tó máa kọ́ mi níṣẹ́ mi, mo máa ránṣẹ́ pè ẹ́."

Ọmọbìnrin náà ní kí wọ́n má bínú, ó sì padà sí àyè rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè ti dín kù. Tíì Bàbá kò tutù mọ́, kò sì dùn mọ́.

Èyí tí Bàbá kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé nǹkan kan ń ṣe ojú òun. Ó tó oṣù mẹ́wàá. Orí fọ́ ọ láàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi kan bí ìgbà tí wọ́n ń kan ìṣó mọ́ ọn, ó lo oògùn, ó sùn, nígbà tó fi máa jí, ó ti lọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni èjìká ọ̀tún rẹ̀ ti ń gbá ilẹ̀kùn. Èèyàn á rìn kọjá lápá ọ̀tún rẹ̀, kò ní mọ̀ àfi tí onítọ̀hún bá sọ̀rọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní kó lọ sílé ìwòsàn, Bàbá ní awò ojú òun ló ti gbó. Ó pààrọ̀ awò lẹ́ẹ̀mejì. Ó bínú sí ẹni tó ta awò fún un, ó bínú sí gílóòbù yàrá rẹ̀, ó bínú sí àwọn káfíńtà ayé òde òní tí wọ́n ń ṣe ilẹ̀kùn tóóró. Gbogbo ayé ló jẹ̀bi, àfi ojú tí wọ́n torí ẹ̀ gbà á síṣẹ́. Ẹ má sì bú u jù. Bó bá lọ bi dókítà léèrè, dókítà lè dá a lóhùn, ìdáhùn yẹn gan-an ló ń sá fún.

Nígbà tí iṣẹ́ Oníbéèrè parí, ẹgbẹ̀rin ojú-ìwé náà dé orí tábìlì Bàbá. Ó ti dá ọgbọ́n kan sí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ nígbà yẹn: á fi ìka tẹ̀lé ìlà kọ̀ọ̀kan títí ìka á fi kan etí ìwé, orí rẹ̀ á sì máa bá ìka lọ. Ọgbọ́n náà dára, àmọ́ ó falẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ tí Ọ̀gá fẹ́ gba iṣẹ́ náà, ojú-ìwé àádọ́fà ṣì kù. Bàbá, tí kò yẹ àdéhùn rí, gbé ìka kúrò, ó sì fi ojú lásán ka ìyókù bó ṣe máa ń kà á látijọ́. Ó sáré kà á, inú rẹ̀ sì dùn pé òun ṣì lè sáré. Ó fi gègé fa àmì kékeré sí apá òsì ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan, ó sì fi òǹtẹ̀ lu ewé òkè. Ewé òkè yẹn nìkan ni wọ́n máa ń fi pamọ́. Àwọn yòókù á lọ sínú páálí ní yàrá ẹ̀yìn, kí wọ́n lè máa fi ẹ̀yìn wọn kọ nǹkan.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni lẹ́tà dé láti ilé-iṣẹ́ kan tó ń kọ́ táńkì omi. Wọ́n ní èsì tí ètò náà fún àwọn wà lórí ìlà méjì: ìlà kìíní parí sí 12x, ìlà kejì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5y, kò sí àmì kankan láàárín wọn. Onímọ̀ wọn kà á pé kí wọ́n fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀, bí ẹnikẹ́ni ṣe máa kà á. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ńṣe ló yẹ kí wọ́n yọ èkejì kúrò nínú ti àkọ́kọ́. Wọ́n ti da kọnkéré ẹsẹ̀ táńkì kan kí wọ́n tó fura, wọ́n sì ní láti fọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó fara pa, àmọ́ wọ́n fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Kò pé wákàtí kan tí Ọ̀gá fi rí ohun tó fà á. Bí ìlà bá kún gẹ́lẹ́ dé lẹ́tà méjìléláàádọ́rin, kò sí àyè fún àmì mọ́, ètò tí Oníbéèrè kọ á sì jẹ́ kó já bọ́. Àṣìṣe lásán nìyẹn, torí irú rẹ̀ sì ni Bàbá ṣe wà níbẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le ni pé Bàbá ti fi òǹtẹ̀ lù ú. Bí Bàbá bá fi òǹtẹ̀ lù ú, a jẹ́ pé àmì wà níbẹ̀ nígbà tó kà á. Bí àmì bá wà níbẹ̀ nígbà náà, tí kò sì sí níbẹ̀ mọ́, a jẹ́ pé ẹnìkan fọwọ́ kan án. Wọ́n yẹ kọ̀ǹpútà wò, ó sì hàn pé Oníbéèrè ṣí iṣẹ́ náà ní wákàtí méjì lẹ́yìn òǹtẹ̀. Ọmọbìnrin náà ní òun ṣí i lóòótọ́, pé ọ̀rọ̀ ìrántí kan ni òun kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fún ara òun, pé òun kò dé ibi tí wọ́n ti ń gé ìlà rárá. Kọ̀ǹpútà wọn sì rèé, ìgbà tí ọwọ́ kan iṣẹ́ nìkan ló ń sọ, kì í sọ ohun tí ọwọ́ ṣe. Nínú gbogbo ilé náà, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ jáde pé ó lè jẹ́ ojú Bàbá ló fò ó.

Ọ̀gá kì í ṣe òǹrorò. Ó fún Oníbéèrè títí di ọjọ́ Ẹtì kó fi sọ òótọ́. Bí kò bá ti sọ ọ́, kó máa kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù kí oṣù mẹ́fà rẹ̀ pé.

Ọ̀rọ̀ náà dun Bàbá wọra. Ó gbà tọkàntọkàn pé ọmọ náà ló ṣe é, ó sì ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ìdí rèé tó fi ń yọ òun lẹ́nu nítorí òfin kọkàndínlógún. Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, nígbà tí àwọn yòókù lọ jẹun, ó wọ yàrá ẹ̀yìn, ó sì fa páálí náà jáde. Ohun tó fẹ́ ṣe ni kó mú ojú-ìwé tó kà gan-an jáde, kó gbé e síwájú Ọ̀gá pé àmì nìyí, òun rí i, kí ẹnu gbogbo èèyàn lè pa mọ́.

Ó rí ojú-ìwé 713, níbi tí irú ìṣirò àwọn tó ń kọ́ táńkì wà. Àmì gègé rẹ̀ wà lápá òsì. Ó wo ìlà náà, ó parí sí 12x. Ó fi ìka tẹ̀lé e dé etí ìwé, orí rẹ̀ bá ìka lọ. Kò sí àmì níbẹ̀. Kò sì sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tó kà á, torí ìwé ni, kì í ṣe kọ̀ǹpútà, kò sẹ́ni tó lè nu ohun tí wọ́n ti tẹ̀ sórí ìwé. Òun ló kà á kọjá.

Ó jókòó sórí páálí mìíràn. Ó mú ojú-ìwé tó tẹ̀lé e, ó wò ó gan-an láìmi orí. Ìlà kan níbẹ̀ parí sí 3y láìsí àmì. Ó rò pé òmíràn tún nìyẹn. Ó wá yí orí sí ọ̀tún díẹ̀, àmì ìròpọ̀ sì wà níbẹ̀, ó dúdú, ó hàn kedere. Ó yí orí padà, àmì lọ. Ó yí i sí ọ̀tún, àmì dé. Ó gbé ọwọ́ sí awò ojú rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ bọ́ ọ kó nù ún, ó sì fi í sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti awò, kò sì fìgbà kan jẹ́ ti awò.

Ó ká ojú-ìwé 713 sínú àpò ẹ̀wù rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká má purọ́ fún ara wa: ẹni àkọ́kọ́ tó wá sí i lọ́kàn kì í ṣe ọmọbìnrin náà. Ohun tó kọ́kọ́ rò ni pé kò sẹ́ni tó máa wá tú páálí yìí. Ó ku ọdún kan àtààbọ̀ kó fẹ̀yìn tì. Bó bá fa ewé kan yìí ya, ó tán. Ọmọ náà ṣì kéré, ó gbọ́n, iṣẹ́ pọ̀ níta fún irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá Atẹ̀wé tí kò ríran, kí ni wọ́n ń fi í ṣe? Ó jókòó síbẹ̀ títí ó fi gbọ́ ohùn àwọn tó lọ jẹun, ó sì padà sí tábìlì rẹ̀. Kò fa ìwé náà ya, kò sì mú un jáde.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó rí Oníbéèrè tó ń nu tábìlì rẹ̀, tó ń kó gègé rẹ̀ sínú àpò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sunkún. Ó kí Bàbá káàárọ̀ bó ṣe máa ń kí i, ó bi í bóyá wọ́n sùn dáadáa. Ojú ti Bàbá débi pé kò mọ bó ṣe jẹ́ kíkí náà. Gbogbo ọjọ́ yẹn, ìwé inú àpò rẹ̀ kò jẹ́ kó jókòó dáadáa.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Ọ̀gá pe àwọn méjèèjì sí yàrá rẹ̀, ó sì bi Oníbéèrè bóyá ó ní nǹkan láti sọ. Ọmọbìnrin náà ní ohun tí òun ti sọ tẹ́lẹ̀ náà ni. Ọ̀gá mí kanlẹ̀, ó yíjú sí Bàbá pé kó ṣáà jẹ́rìí sí i pé àmì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó fi òǹtẹ̀ lù ú, kí àwọn lè parí ọ̀rọ̀. Bàbá mú ìwé náà jáde, ó tú u, ó sì fi ọwọ́ nà án sórí tábìlì.

"Ọ̀gá, ọmọ yìí ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Inú páálí ni mo ti rí eléyìí, àmì ọwọ́ mi ló wà lára ẹ̀. Èmi ni mi ò rí i. Ojú mi lápá ọ̀tún ò ṣiṣẹ́ mọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé nǹkan ń ṣe mí, mo kàn dákẹ́ ni."

Ọ̀gá wo ìwé náà, ó wo àmì gègé, ó mọ ọwọ́ ẹni tó ni ín. Bàbá ti múra sílẹ̀ de ìbínú, ó ti rò ó pé òun á dúró, òun á gbà á. Ìbínú kò wá. Ńṣe ni ojú Ọ̀gá rọ̀, èyí sì dun Bàbá ju ìbínú lọ. Ó bi Bàbá pé látìgbà wo. Bàbá sọ fún un.

Oníbéèrè ló wá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò sì ròkè.

"Mo rí ojú-ìwé yẹn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Bàbá. Mo dá a padà sínú páálí."

Apá ọ̀tún Bàbá ló dúró sí, nítorí náà Bàbá ní láti yí gbogbo orí kó tó lè rí i. Ó bi í pé ó rí ohun tó lè gbà á sílẹ̀, ó sì dá a padà, ó wá ń kó gègé sínú àpò?

"Èmi á rí iṣẹ́ míì, Bàbá," ọmọbìnrin náà dáhùn. "Mi ò mọ ohun tí ẹ̀yin máa rí."

Díẹ̀díẹ̀ ni ìyókù jáde. Ó ní láti oṣù kìíní òun ni òun ti kíyè sí i pé bí àṣìṣe bá wà lápá òsì, Bàbá á rí i kí ìwé tó balẹ̀, bó bá wà lápá ọ̀tún pátápátá, ó lè rí i, ó lè má rí i. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn rò ó pé bí wọ́n bá lè kó gbogbo àmì wá sí òsì, Bàbá á máa rí gbogbo rẹ̀, kò ní sẹ́ni tó máa mọ nǹkan kan. Ohun tó fà á nìyẹn tó fi wá bẹ̀bẹ̀ nípa òfin kọkàndínlógún, tó wá lẹ́ẹ̀mejì, tó wá lẹ́ẹ̀mẹta.

Ìbínú ló kọ́kọ́ dé ọkàn Bàbá. Ó fẹ́ bi í pé ta ló ní kó máa ṣàánú òun. Lẹ́yìn náà ló rántí ohun tí òun fi dá a lóhùn nígbà kẹta, níṣojú gbogbo èèyàn, ìbínú náà kò sì rí ibi dúró sí mọ́. Ojú tì í gidigidi. Ó sọ fún ọmọbìnrin náà níwájú Ọ̀gá pé kó má bínú, kò sì wá àlàyé kankan mọ́ ọn. Ó yọ òǹtẹ̀ pupa kúrò nínú àpò rẹ̀ kejì, ó gbé e sórí ìwé náà.

Ọ̀gá kò fọwọ́ kan òǹtẹ̀ náà. Ó ní kí Oníbéèrè lọ to gègé rẹ̀ padà sórí tábìlì, kí Bàbá máa lọ sílé ìwòsàn lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an, pé òun fẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ bá a lọ, kó má ṣe dá lọ. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí àwọn tó ń kọ́ táńkì pé ọ̀dọ̀ àwọn ni àṣìṣe ti wá, òǹtẹ̀ àwọn ló sì gbà á kọjá.

Dókítà ní kò sí ohun tó ṣe ojú Bàbá. Rọpárọsẹ̀ kékeré kan tí kò dé apá tàbí ẹsẹ̀ ló ti dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ níbì kan nínú ọpọlọ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí orí fọ́ ọ, ibi tó ń gba ohun tó wà lápá ọ̀tún wọlé ló sì bà jẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ga, bí kò bá wá ni, òmíràn tó tóbi lè ti dé. Ìríran tó ti lọ kò ní padà wá mọ́. Oògùn wà tí kò ní jẹ́ kí èyí tó kù lọ, obìnrin kan sì wà nínú ọgbà ilé ìwòsàn náà tó máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yí orí wá ohun tó sá lọ. Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán pẹ̀lú sùúrù. Nígbà tí wọ́n dé ìta, ó sunkún díẹ̀, ó nu ojú, ó wá dá ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó sì san gbèsè ìbáwí oṣù mẹ́wàá fún un, lọ́rọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn.

Oṣù kan ló lò nílé. Kò gba òǹtẹ̀ mọ́ nígbà tó padà. Ohun tí Ọ̀gá pinnu ni pé ẹni méjì ni yóò máa ka èsì báyìí, Bàbá á kọ́kọ́ kà, ẹlòmíràn á kà á tẹ̀lé e, òǹtẹ̀ á sì wà lọ́wọ́ ẹni kejì. Bàbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ìlà gba orí òfin kọkàndínlógún kọjá, ó sì kọ tuntun sábẹ̀ rẹ̀ pé ìwájú àmì ni kí wọ́n ti máa gé ìlà, kí àmì bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà tó tẹ̀lé e. Wọ́n sì tún tẹ ẹgbẹ̀rin ojú-ìwé jáde.

Ogójì ojú-ìwé lóòjọ́ ni agbára rẹ̀ ká báyìí. Kò fi ìka bojú mọ́, kò sì fara pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bó bá ti ka ìlà kan, á yí gbogbo orí sí ọ̀tún títí etí ìwé á fi dé àárín ojú rẹ̀, á tún yí i padà, ìlà lẹ́yìn ìlà, níṣojú gbogbo ilé. Ẹnìkan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ bi í bóyá ọrùn ló ń dùn wọ́n. Ó ní rárá, ojú ni.

Ní ọjọ́ kẹrin, ó rí nọ́ńbà kékeré kan ní ìkángun ọ̀tún ìlà, tó ti fi àyè kan yẹ̀ kúrò lórí èjìká nọ́ńbà tó ni ín. Iṣẹ́ Oníbéèrè ni. Bàbá pè é. Ọmọbìnrin náà dé, ó sì lọ dúró sí apá òsì rẹ̀ kí Bàbá lè tètè rí i. Bàbá ní kó bọ́ sí apá ọ̀tún. Ó dúró títí ọmọ náà fi débẹ̀, ó yí orí, ó wò ó lójú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àṣìṣe náà hàn án.